Mànífóòlù tí mo fọwọ́ ara mi wẹ́ẹ̀dì, àti ọ̀rọ̀ sílíńdà 1

Pọ́ọ̀gì mẹ́rin, àwọn nǹkan tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, ni mo tò sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tó jinná dáadáa, ẹyọ kan tó kù funfun báláú bí ẹfun, tẹ́ ẹ bá sì gbé e súnmọ́ ojú ẹ máa rí àwọn nǹkan wínníwínní kan tó ń kọ mọ̀nà lára tanganran rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi wò ó, ó ní "Ọ̀gá, eléyìí mà mọ́ ju àwọn tó kù lọ o." Ó rò pé mímọ́ yẹn dáa ni. Mi ò tètè dá a lóhùn torí àyà mi ti já. Nǹkan tó ń kọ mọ̀nà yẹn, ara pítínì ni, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà. Àlùmíníọ̀mù orí pítínì ló ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń ta sí ẹnu pọ́ọ̀gì, ká ní wọ́n tún wa mọ́tò yẹn fún ìgbà díẹ̀ sí i ni, pítínì ò bá lu.

Pọ́ọ̀gì sílíńdà 1 ni. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi ṣe nǹkan tó fẹ́ pa á.

Àbúrò ìyàwó mi ló ni mọ́tò náà, Honda Accord tí gbogbo wa ń pè ní End of Discussion, gíà ọwọ́, ẹ́ńjìnì K24 ló wà nínú ẹ̀, sílíńdà mẹ́rin, 2,354 cc. Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ràn mọ́tò ju oúnjẹ lọ. Ó ti pààrọ̀ sàléńsà, ó ti ra fíltà onírun yẹn, ó wá bá mi ní wọ́kṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe mànífóòlù." Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, mànífóòlù àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ wẹ́ẹ̀dì, tó ń dán gbinrin, ojú wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tò tẹ̀léra bí ìpẹ́ ẹja. Kí n má purọ́ fún yín, ọkàn èmi náà fà sí i. Iṣẹ́ panẹ́bítà ni mo kọ́kọ́ kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó lọ kọ́ TIG, ìyẹn wẹ́ẹ̀dì oníná tó ń lo gáàsì argon, géètì àti irin ojú wíńdò ni ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ádó mọ̀ mí mọ́, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan ẹ́ńjìnì wá, mo lè má jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹni tí ò bá mọ ohun tá à ń sọ, mànífóòlù tó ń fa atẹ́gùn ni mò ń wí o, kì í ṣe ti sàléńsà. Òun ló wà láàárín tọ́rótù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tó bo orí àwọn sílíńdà. Ó ní pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ́ńjìnì, fílánjì nìyẹn, ó ní páìpù mẹ́rin, ẹyọ kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pàdé nínú àpótí kan, tọ́rótù wà lẹ́nu àpótí yẹn. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná, tọ́rótù ṣí, atẹ́gùn wọ àpótí, páìpù kọ̀ọ̀kan fa tiẹ̀. Ó jọ nǹkan kékeré lójú àbí? Ẹ gbọ́ ná. Ẹ́ńjìnì 2,354 cc yìí, tó bá ń yí ní 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ó súnmọ́ 7,000 lítà atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Táńkì omi oní 1,000 lítà tẹ́ ẹ gbé sórí ẹsẹ̀ irin lẹ́yìnkùlé yẹn, méje irú ẹ̀ ni o, kí ẹ tó ka ọgọ́ta. Gbogbo ẹ̀ máa gba inú ihò kan tí ò ju ẹnu kọ́ọ̀pù tíì lọ kọjá, á sì tún pín sọ́nà mẹ́rin lọ́gbọọgba. Lọ́gbọọgba yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo ṣe é kó lè jọ fọ́tò. Mo gé àpótí onígun mẹ́rin, gígùn gbọọrọ, tọ́rótù lápá kan, mo wẹ́ẹ̀dì páìpù mẹ́rin kúkúrú mọ́ ọn lára, ìkọ̀ọ̀kan ò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú fọ́tò, ó sì mú kí àyè ràdíétọ̀ tó. Ṣé mo ti sọ fún yín pé níwájú ni K24 ti ń fa atẹ́gùn, lápá ràdíétọ̀, sàléńsà ló wà lẹ́yìn? Ó dáa, ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Àyè tó wà níbẹ̀ ò pọ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni fílánjì. Mo fi àlùmíníọ̀mù nínípọn 12 mílímítà gé e, mo gbé gásíkẹ́ẹ̀tì lé e lórí, mo fi ìṣó fa ìlà rẹ̀, mo dá ihò yí i ká, mo wá fi fáìlì jẹ ẹ́ títí ó fi bá ojú gásíkẹ́ẹ̀tì mu, ọjọ́ méjì gbáko. Mo wá gbé e sórí tábìlì lásán, mo wẹ́ẹ̀dì páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn tẹ̀léra láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì láìsinmi, torí iná NEPA wà lọ́jọ́ náà mo sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má mú un lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú wẹ́ẹ̀dì máa ń sún kì tó bá ń tutù, ó sì máa ń fa gbogbo ohun tó bá wà lára ẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo gbé irin tó tọ́ lé ojú fílánjì yẹn, ó ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àárín kan irin, eteetí méjèèjì ti gbéra. Mo rò pé bóòtù máa fà á padà. Kò fà á padà tán. A gbé e sínú mọ́tò, a ṣáná sí i, sílò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tẹ́ ò tẹ iná, ò dúró sójú kan, á ga á wálẹ̀, á ga á wálẹ̀, bí ẹni tó ń mí lẹ́yìn tó sáré gun òkè. Mo da omi ọṣẹ sí ẹnu ibi tó ti pàdé tọ́ọ̀pù sílíńdà, bí mo ṣe dà á sí apá sílíńdà 1 ni ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Ó ń jí atẹ́gùn fà níbẹ̀. Mo tú u, mo tẹ́ bébà-iyanrìn sórí gíláàsì nínípọn, mo fi fílánjì yẹn gbo o títí apá fi ń ro mí. Sílò wálẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Àbúrò mi gbé e lọ sójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Àrámọkọ tẹ́ ẹ dé Ìtáwúrẹ́, òkè ló kù níwájú yín, Èkìtì kúkú ni, òkìtì òkìtì ni ilẹ̀ wa. Ó pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mọ́tò yìí ò lè gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní láti já a sí gíà kejì níbi tí mo ti ń fi gíà kẹta gùn ún. Ó sì ń dún kíní kan bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo." Ìgbà tó sọ ti ìṣó nínú agolo yẹn ni mo ní kó pa iná lójú ẹsẹ̀, kó wá ẹni wọ́ ọ bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe yọ pọ́ọ̀gì.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ alẹ́ kí n tó mọ ìdí tó fi jẹ́ sílíńdà 1 nìkan. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ fojú inú wo kọ́rópè tó ń sáré bọ̀, èrò kan na ọwọ́ sí i ní ẹ̀gbẹ́ títì, kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ búrèkì ó ti kọjá ẹni yẹn lọ síwájú pátápátá, ẹni tó dúró ní òpin títì ló máa rí ọkọ̀ wọ̀. Bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe nínú àpótí gbọọrọ nìyẹn. Ó gba ẹnu tọ́rótù wọlé pẹ̀lú eré, ẹnu páìpù tó wà nítòsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè yà bìrí, ó kọjá, ó lọ gbá ògiri ìparí, ibẹ̀ ló ti gbá jọ. Nínú ẹ́ńjìnì yìí sílíńdà 1 wà lápá ṣéènì tàìmù, tọ́rótù wà lápá gíà, ìyẹn ni pé sílíńdà 1 ló wà ní ìparí àpótí. Òun ló ń gba atẹ́gùn jù.

Ẹ lè ní ṣé atẹ́gùn púpọ̀ kì í ṣe agbára púpọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, tí epo bá bá a mu. Nígbà tá a wà ní kékeré, màmá mi á gún iyán, àwa ọmọ mẹ́rin á jókòó, ọwọ́ ẹ̀ ló máa fi bu iyán fún kálukú, tó bá bu tán á tún wò ó lọ wò ó bọ̀ kó tó wá bu ọbẹ̀, ìwọ̀n ìgbakọ kan náà. Ẹni tí wọ́n bá bu iyán fún jù, ọbẹ̀ rẹ̀ ò ní tó, á máa gbé òkèlè gbígbẹ mì. Epo ni ọbẹ̀ níbí. Bíréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ń bu epo gba inú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n ọn, ìwọ̀n kan náà, kò mọ̀ pé iyán ẹnì kan pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàléńsà ò sì lè sọ fún un torí èéfín sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dàpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àpapọ̀ ló ń kà, àpapọ̀ sì dáa lójú ẹ̀. Sílíńdà tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ tí epo rẹ̀ ò tó, gbígbóná ló máa ń gbóná, epo inú ẹ̀ á wá máa bú gbàmù fúnra ẹ̀ kí àkókò tó tó, ìyẹn ni ohùn ìṣó inú agolo yẹn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnì tó ń gbọ́ ìdún yẹn, bíréènbọ́ọ̀sì á wá fa tàìmù, ìyẹn àsìkò tí pọ́ọ̀gì ń ṣáná, sẹ́yìn kó lè dáàbò bo pítínì, agbára á sì dín kù. Ìdí kan nìyẹn tí mọ́tò ò fi lè gòkè. Honda ló gba pítínì yẹn lọ́wọ́ mi, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìmoore.

Ìdí kejì ni páìpù kúkúrú tí mo lò. Mo ti máa ń gbọ́ ọ pé páìpù gígùn dáa fún ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ò yí púpọ̀, kúkúrú dáa fún òkè, nígbà tó ń yí kíkankíkan, mi ò kàn mọ ìdí. Ìgbà tí mo wá lóye ẹ̀ inú mi dùn débi pé mo jí ìyàwó mi. Fáàfù, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ sílíńdà, máa ń ṣí á sì pa dé. Atẹ́gùn tó ń sáré bọ̀ nínú páìpù á lọ kọlu ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti, á fún pọ̀, ìfúnpọ̀ yẹn á sáré padà sẹ́yìn gba inú páìpù, tó bá dé ẹnu páìpù nínú àpótí á tún yí padà wá. Bí ìró ohùn ṣe ń rìn ló ń rìn, bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó dé padà ni fáàfù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń ṣí, á ti atẹ́gùn wọlé kún èyí tí pítínì ń fà, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá dé lásìkò tí kò yẹ, ó ṣòfò. Ní 6,000, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí lẹ́ẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní 3,000 ó ń ṣí lẹ́ẹ̀ 25, àyè tó wà láàárín ti pọ̀ sí i, páìpù sì ní láti gùn kí ìró náà má baà tètè dé. Kúkúrú tí mo ṣe yẹn, orí òkè pátápátá ló máa ti wúlò, níbi tí ẹ́ńjìnì Accord tí wọn ò tíì tú inú ẹ̀ ò ní dé. Agbára tí Honda kọ sílẹ̀ fún un, agbára ẹṣin 160, orí 5,500 ló ti ń yọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́dún 1960, Chrysler gbé 300F jáde, páìpù atẹ́gùn rẹ̀ gùn tó 30 ínṣì, ó gùn débi pé wọ́n mú un la orí ẹ́ńjìnì V8 kọjá lọ sí apá kejì, torí kí mọ́tò ńlá yẹn lè ní agbára ní àárín níbi tí èèyàn ti ń wà á lójoojúmọ́. Àwọn ará Japan wá gbé tiwọn gba ọ̀nà míì, Mazda 787B tó gba Le Mans nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1991, páìpù atẹ́gùn rẹ̀ ń gùn ó ń kúrú fúnra ẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí sí, bíi ti fèrè ńlá tí wọ́n ń fà jáde tí wọ́n ń tì wọlé yẹn. Mo wo àwòrán rẹ̀ títí fóònù mi fi kú. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ l'Ádó, àmọ́ mo lè yan ìwọ̀n kan tó bá ilẹ̀ wa mu, ilẹ̀ wa sì rèé, òkè ni. Adó ti lé ní 400 mítà ju ojú òkun lọ, atẹ́gùn ibí fúyẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó lọ, agbára tí ẹ́ńjìnì ń pàdánù torí ẹ̀ á súnmọ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó ń wakọ̀ níbí, láàárín 2,500 sí 4,500 ló ń gbé. Mo wá ní kí páìpù gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó tẹ̀ kọdọrọ sókè kó fi ràdíétọ̀ sílẹ̀, kí àpótí wá jókòó lókè.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe èkejì torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Mo ra tọ́ọ̀pù sílíńdà K24 kan tó ti sán, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, owó irin àlòkù ni mo san. Mo de fílánjì tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo bóòtù ẹ̀, kò lè lọ síbì kankan. Mo kọ́kọ́ fi wẹ́ẹ̀dì tọ́ páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, mo wá ń wẹ́ẹ̀dì ínṣì kan níbí, mo fò lọ sí páìpù tó jìnnà sí i, ínṣì kan níbẹ̀, mo dúró, mo mu omi, mo padà. Mi ò tú bóòtù kankan títí di ọjọ́ kejì. Fílánjì ṣì tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mo ti fi mílímítà 2 kún nínípọn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ fún bàbá oníléètì kan, ó fá ojú ẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá yẹn, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé ẹ́ńjìnì bààlúù lò ń ṣe ni?" wọn ò gbà ju owó díẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi.

Àlùmíníọ̀mù ò jọ irin o. Awọ kan máa ń bò ó lójú tí ojú èèyàn ò lè rí, ìpẹta àlùmíníọ̀mù fúnra ẹ̀ ni, àlùmíníọ̀mù ń yọ́ ní bíi 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, awọ yẹn ò ní yọ́ títí yóò fi lé ní 2,000. Tẹ́ ẹ bá kàn gbé iná lé e, inú á ti di omi, awọ òkè ṣì wà níbẹ̀ bí àpò, gbogbo ẹ̀ á wá já lulẹ̀ pọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo TIG oní-AC, tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, apá kan nínú lílọ bíbọ̀ yẹn ló ń bó awọ náà kúrò. Ẹ sì máa fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, acetone, búrọ́ọ̀ṣì stainless tí kò tíì kan irin míì rí. Búrọ́ọ̀ṣì tèmi, inú ọ̀rá ni mo ń fi í sí, ọmọṣẹ́ mi mọ̀ pé tóun bá fi ha géètì, ìjà ni. Gáàsì argon gidi ni, láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń gbé e. Àlùmíníọ̀mù nínípọn 3 mílímítà fẹ́ iná bí 120 amps, ìyẹn ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé ò lè gbé e, mo háyà ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, owó epo rẹ̀ nìkan dùn mí.

Ẹnu páìpù nínú àpótí ni mo fara balẹ̀ sí jù. Tẹ́ ẹ bá gé páìpù gbáú tẹ́ ẹ wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ mọ́ ògiri àpótí, etí rẹ̀ mú, atẹ́gùn tó bá fẹ́ yí wọlé á kọsẹ̀ níbẹ̀, á máa yí po, ihò tó tóbi á wá dà bí ihò kékeré. Ó yẹ kí ẹnu ẹ̀ ṣí gbàgà, kó rí roboto bí ẹnu fèrè. Kò síbi tí mo ti lè rà á. Bàbá oníléètì bá mi gbẹ́ irin kan tó rí bí ọmọ odó, ìdí ẹ̀ fẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ roboto. Àlùmíníọ̀mù tútù ò ní gbà kẹ́ ẹ gbá a fẹ̀, á ya ni. Ẹ máa kọ́kọ́ rọ̀ ọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti rọ̀ nígbà tí kì í pọ́n bí irin? Ọṣẹ. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ gígùn yẹn ra ẹnu páìpù, mo fi iná gáàsì rà á díẹ̀díẹ̀ yí ká, ọṣẹ á pọ́n, á dúdú, bó bá ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò báyìí, ẹ gbé iná kúrò, ó ti tó. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ lẹ máa ti ṣà á. Mo jẹ́ kó tutù, mo gbé e lé orí ọmọ odó irin yẹn, mo fi òlù igi lù ú, kò ké, ó kàn ń ṣí bí òdòdó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé wọn sókè wò ó, orí mi wú.

Àpótí wá ńkọ́? Mi ò ṣe é gbọọrọ mọ́. Mo jẹ́ kó fẹ̀ níbi tọ́rótù, kó wá máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sápá sílíńdà 1, bí páìpù kọ̀ọ̀kan bá ti gba tiẹ̀, àyè tó kù á máa kéré, eré atẹ́gùn ò ní kàn máa gbá jọ síbì kan. Mo wọn inú ẹ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá kan 50 sẹ̀ǹtílítà, mo ń da ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i ọmọṣẹ́ mi ń kà, ọ̀rá mẹ́fà àti díẹ̀ ló gbà, ó lé lítà 3 díẹ̀, ó ju ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ lọ díẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn fún mọ́tò tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì pẹ̀lú agbára. Mo tún wọn páìpù kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọléèwé poli kan tó ń kọjá dúró ń wò wá, wọ́n rò pé ọtí la fẹ́ pọn. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tá a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ó ku díẹ̀ kí n ti àpótí yẹn pa ni mo ní kí n tan iná fóònù sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti dígí kékeré kan bọ inú páìpù kẹta. Mo rí i. Níbi tí wẹ́ẹ̀dì ti wọlé jù, èkán àlùmíníọ̀mù kan so rọ̀ níbẹ̀ bí kóró ata rodo, ìdí ẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo kàn fi wáyà kàn án, ó já. Ẹ rò ó wò ná, ká ní mo ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, ìgbọ̀n mọ́tò lójú ọ̀nà wa yìí, lọ́jọ́ kan á já, fáàfù á gbé e mì, á bọ́ sáàárín pítínì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà. Láti ọjọ́ yẹn mi ò kì í fi argon sí ìta nìkan mọ́, mo máa ń fi sínú páìpù náà kí ẹ̀yìn wẹ́ẹ̀dì lè mọ́, mo sì ń fi fáìlì roboto fá gbogbo inú ẹ̀, mo ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan máa ń dán inú ẹ̀ títí á fi dà bí dígí, àkókò yẹn pọ̀ jù lójú tèmi, kó má ti sí gegele, kó má sí kóró, ó tó. Òde tó ń dán tí àbúrò mi fẹ́ yẹn, mo dán an fún un, ìyẹn ò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé e lọ fáwọn tó ń yọ́ àlùmíníọ̀mù àlòkù tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò, pé wọ́n á dà á sínú iyanrìn kan fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn gbayì, ìkòkò wọn la fi ń sebẹ̀ nílé. Àmọ́ oríṣiríṣi àlòkù ló ń bọ́ sínú iná yẹn pọ̀, ihò wínníwínní kì í wọ́n nínú ẹ̀, ìkòkò lè gbà á, ohun tí ẹ́ńjìnì ń fà lágbára tó báyìí ò lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wẹ́ẹ̀dì nǹkan mọ́ ọn lára, ihò yẹn á máa hó bí ẹ̀kọ.

Ìgbà tá a gbé èkejì sínú mọ́tò, mo ṣe ohun kan tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́, irin ìfọwọ́tì láti abẹ́ àpótí lọ sára búlọ́ọ̀kù. Àpótí tó jókòó sórí páìpù gígùn mẹ́rin dà bí ẹni tó gbé ẹrù sórí tó ń jó, tẹ́ ò bá tì í lẹ́yìn, ìdí páìpù á sán. A fi pọ́ọ̀gì tuntun sí i. Mo fi kọ̀ǹpútà ẹnì kan wo bí epo ṣe ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó gbà kó gbé e gòkè, èmi gan-an jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn Ìtáwúrẹ́ mo ní kó fi sí gíà kẹta kó má já a o. Ó wò mí. Mo ní má já a. Mọ́tò náà gun òkè yẹn láìkígbe, láìmì, kò sí ìṣó nínú agolo, ó kàn ń lọ bí ẹni ń bọ̀ látoko tó ti rí orúlé ilé ẹ̀. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹ̀fọ̀n, ó wá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé e wá fún sáfíìsì. A yọ pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì kan náà, mo pe ọmọṣẹ́ mi pé kó wá wò ó. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí wọn síbí yí wọn sọ́hùn-ún, gbogbo wọn pọ́n bákan náà, ó ní "Ọ̀gá, èwo wá ni ti sílíńdà 1?" Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́, a ti kó wọn pọ̀.